Àwa Kì í Ṣe Àlejò: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìwòsàn tí Bàbá Wa Wà

Ẹ̀yin Ọ̀gá Àgbà, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ alákòóso,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú ènìyàn. Ibẹ̀ ni n ó ti fi kíkí mọ, nítorí ohun tó gbé mi dé ibí kì í ṣe ohun tí a ń fi kíkí bò mọ́lẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, a bá ìwé kan lára ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù tí Bàbá wa wà. Ìwé náà ní láti ọjọ́ náà lọ, wákàtí kan péré ni ẹbí lè lò lọ́dọ̀ aláìsàn lójúmọ́, láti agogo mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó ní ènìyàn méjì ni kò gbọdọ̀ jù. Ó ní bí àwọn dókítà bá ń yí bẹ́ẹ̀dì ká, a kò gbọdọ̀ rí ẹbí kankan nítòsí. Ìdí tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni pé "àwọn àlejò ń dí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́." Mo kà á tán, mo tún un kà. Ọ̀rọ̀ kan ni kò kúrò lọ́kàn mi níbẹ̀: àlejò.

Òní ló pé ọjọ́ 81 tí Bàbá wa ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì yín. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni àrùn rọpárọsẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní stroke, kọ lù wọ́n. Apá òsì ọpọlọ ni ó ti bàjẹ́, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún sì rọ, ohùn sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni Màmá àti àwa ọmọ mẹ́rin ti ń gba ipò lọ́wọ́ ara wa. A ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, a so bírò mọ́ ọn. Ẹni tó bá dé á kọ agogo tó dé, ẹni tó bá níbẹ̀, oògùn tí wọ́n fún Bàbá, ohun tí wọ́n sọ, ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ìwé kejì la wà báyìí. Iṣẹ́ ìṣírò owó ni mò ń ṣe jẹun, bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ka nǹkan. Bí a sì ti ń sunkún, à ń ríran.

Lẹ́tà méjì ni mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé wá sí ọ́fíìsì yín. Wọ́n buwọ́ lù ú pé àwọn gbà á. Èsì kò wá. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ẹ̀kẹta wá sí gbangba. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn yín, n kò sì ní dárúkọ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kankan, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ju agbára wọn lọ, àwọn kan nínú wọn ti di bí ọmọ ìyá wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe òfin ni mò ń bá wí.

1. Ìtàn Bàbá wa kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Láàárín ọjọ́ 81, orúkọ dókítà 23 ló wà nínú ìwé wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà wọ́n kí n má baà purọ́ mọ́ yín. Àwọn kan wá lẹ́ẹ̀kan, a kò rí wọn mọ́. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n bá tiwọn lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó lọ. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ẹni tó bá lọ ń kó gbogbo ohun tó mọ̀ nípa Bàbá dání lọ, ẹni tó bá sì dé á bẹ̀rẹ̀ látorí "Kí ló ṣe Bàbá?"

Ara Bàbá kò gba pẹnisílíìnì. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kan mú kí ojú àti ọ̀fun wọn wú, díẹ̀ ló kù kí èémí tán. Ọjọ́ àkọ́kọ́ la ti sọ ọ́ fún yín. Wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sí èèpo fáìlì, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ ìwé wa fi hàn pé lẹ́yìn èyí a tún un sọ nígbà 11, fún ẹni 11 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò wo èèpo fáìlì. Ní alẹ́ ọjọ́ 26, ibà mú Bàbá. Dókítà kan tí a kò rí rí gbé abẹ́rẹ́ dé. Àbúrò mi obìnrin béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ní ampicillin ni. Ẹbí pẹnisílíìnì ni, orúkọ ló yàtọ̀. Àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn na ọwọ́ rẹ̀ lé apá Bàbá, ó sì ní kí dókítà wo èèpo fáìlì. Òógùn bo ọmọ ọlọ́mọ náà. Ó tọrọ àforíjì títí tí àánú rẹ̀ fi ṣe àbúrò mi. Ó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, fáìlì sì wà lórí tábìlì ní òpin wọ́ọ̀dù.

Agogo mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni lálẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, lábẹ́ òfin tuntun yín, ta ni ìbá wà níbẹ̀ ní agogo mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú?

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ bá ń fa iṣẹ́ lé àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Mo ti dúró gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́ 44, gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa Bàbá kò ju "Bẹ́ẹ̀dì keje, rọpárọsẹ̀, kò sí ìyípadà" lọ. Ó ṣe tán, ọjọ́ náà gan-an ni ìka ọwọ́ ọ̀tún Bàbá kọ́kọ́ mira. Màmá jó nídìí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo wọ́ọ̀dù rí i, àfi fáìlì.

2. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ní 1861, ní Paris, dókítà kan tó ń jẹ́ Paul Broca ṣàyẹ̀wò ọkùnrin kan tó jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, "tan" ni ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ṣáá. Ohun yòówù kí wọ́n bi í, "tan, tan" ni èsì. Síbẹ̀ ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, Broca wo ọpọlọ rẹ̀, ó sì rí ibi tó bàjẹ́ níwájú apá òsì. Ó ti lé ní 160 ọdún tí ìmọ̀ ìṣègùn ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè lọ kí òye sì ṣẹ́kù.

Ti Bàbá wa, "bẹ́ẹ̀ ni" ló ṣẹ́kù fún wọn. Bi wọ́n bóyá ebi ń pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni. Bi wọ́n bóyá wọ́n ti yó, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn nọ́ọ̀sì ń béèrè pé "Bàbá, ṣé ara le?", Bàbá ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn sọ pé kò sí ìrora. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi kọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí èjìká ọ̀tún Bàbá, tí iṣan rẹ̀ ti dẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ kúrò ní oríkèé, tí oorun kò sì kun ojú wọn lóru.

Àbíkẹ́yìn wa ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ó kíyè sí i pé bí Bàbá bá gbà nítòótọ́, àtàǹpàkò òsì wọn á dìde. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n á di ẹ̀ṣẹ́. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí, ó ya àwòrán ọwọ́ méjèèjì, ó lẹ̀ ẹ́ sókè bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n já a dà nù pé ó ń ba ògiri jẹ́. Ìgbà kẹta, a rí i níbi tí wọ́n fi ṣe ìtìlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. N kò mọ̀ bóyá kí n bínú tàbí kí n rẹ́rìn-ín, mo ṣe méjèèjì.

Èyí tí n kò lè fi rẹ́rìn-ín ni ti ọjọ́ 37. Dókítà àgbà kan dúró ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ Bàbá pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ní, "Ti eléyìí, kò sí nǹkan gidi tí a ń retí mọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń bọ̀. Bàbá fi ọwọ́ òsì fa aṣọ ìbora bo ojú. Wọn kò ṣí i títí di ìrọ̀lẹ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àtàǹpàkò náà kò dìde fún ẹnikẹ́ni, àní fún Màmá pàápàá.

3. Egbò tó wà lókè ìdí Bàbá wa.

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ lórí èyí, nítorí òun ni ẹ̀rí wa pọ̀ lé lórí jù.

Ní ọjọ́ 19, Màmá ń nu ara Bàbá, wọ́n sì rí ibì kan lókè ìdí, níbi tí eegun ti sún mọ́ awọ. Ó pọ́n bí ibi tí omi gbígbóná ta sí. Wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò funfun, ó kàn pọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Màmá kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú ìyá tiwọn títí ìyẹn fi dolóògbé, wọ́n mọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní ooru ni. Ní ọjọ́ 24, awọ bó. Ní ọjọ́ 31, ihò náà gba orí àtàǹpàkò mi.

Ẹ̀yin mọ èyí jù mí lọ, àmọ́ àwọn tó ń kà á pẹ̀lú yín lè má mọ̀ ọ́n. Bí ènìyàn bá sùn sí ojú kan tí kò lè yí ara rẹ̀, gbogbo wíwúwo rẹ̀ yóò máa tẹ ẹran ara tó wà láàárín eegun àti bẹ́ẹ̀dì. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ibẹ̀ á pa dé, ẹ̀jẹ̀ ò ní rí ọ̀nà kọjá, ẹran ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kú látinú bọ̀ wá síta. Ìgbà tí ojú bá fi máa rí ihò, ti inú ti bàjẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí ara wa dá, oorun kì í wọ̀ wá lára débi tí a kò ní yí ara padà. Bàbá kò lè yí. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn fi máa ń ní káàdì kan nídìí bẹ́ẹ̀dì, tí a ó máa buwọ́ lù ní gbogbo wákàtí méjì méjì pé a ti yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Káàdì Bàbá wà. Ó mọ́ tónítóní, kò sí àpótí kan tó ṣófo nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 33, mo dé ní agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán, mo sì wò ó. Wọ́n ti buwọ́ lu ti agogo mẹ́rin. Wọ́n ti buwọ́ lu ti agogo mẹ́fà. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, wọ́n sì ti yí Bàbá wa ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Mo ya fọ́tò rẹ̀, aago ọwọ́ mi sì hàn nínú fọ́tò náà.

Mo fẹ́ fi ẹ̀sùn kan nọ́ọ̀sì tó buwọ́ lù ú. Kí n tó ṣe é, mo jókòó ṣe ìṣírò. Aláìsàn 32 ló wà ní wọ́ọ̀dù náà, nọ́ọ̀sì méjì ló ń ṣiṣẹ́. Nínú àwọn 32 yẹn, mo ka àwọn 14 tí kò lè yí ara wọn. Ènìyàn méjì ló ń yí àgbàlagbà, ó sì ń gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún bí ẹ bá fẹ́ ṣe é dáadáa tí ẹ ó tún fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlọ́po 14 nínú márùn-ún, 70 ìṣẹ́jú nìyẹn nínú gbogbo 120. Ta ni yóò wá fún àwọn yòókù ní oògùn? Ta ni yóò dá ẹni tó ń pariwo lóhùn? Ẹ̀yin ni ẹ gbé obìnrin náà sí ipò tí irọ́ ti rọrùn ju iṣẹ́ lọ, ẹ sì wá fún un ní káàdì tó ń fẹ́ ìbuwọ́lù, kì í ṣe èyí tó ń fẹ́ òtítọ́. N kò fi ẹ̀sùn kàn án mọ́. Ẹ̀yin ni mo gbé e wá bá.

Láti ọjọ́ 34, àwa fúnra wa la bẹ̀rẹ̀ sí í yí Bàbá. Màmá àti ẹ̀gbọ́n mi lọ́sàn-án, èmi àti àwọn àbúrò mi ní alẹ́, nọ́ọ̀sì á sì ràn wá lọ́wọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 72, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti bo ojú egbò. Nọ́ọ̀sì àgbà fúnra rẹ̀ ló pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá wò ó pé bí egbò ṣe ń jinná nìyí. Wọn kò sọ fún wọn ẹni tó jẹ́ kó jinná. Ẹni tó ń yí aláìsàn yín lóru ni ẹ wá kọ ìwé sí lára ilẹ̀kùn pé àlejò ni.

4. Omi.

Àrùn yìí máa ń sọ iṣan ọ̀fun di aláìlágbára, omi lásán sì ni ó ṣòroó gbé mì jù nínú ohun gbogbo, nítorí ó ń yára sá. Dípò kó gba ọ̀nà oúnjẹ, ó lè gba ọ̀nà èémí, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé aláìsàn wúkọ́ rárá. Ẹni tó ń rí sí gbígbé nǹkan mì ṣàyẹ̀wò Bàbá, ó ní kí wọ́n máa mu ohun tó ki nìkan, kí wọ́n jókòó nàró mu ún. Ní ọjọ́ 22, òṣìṣẹ́ kan tó wá láti wọ́ọ̀dù mìíràn fún wọn ní omi tútù lórí ìdùbúlẹ̀. Àánú ló ṣe é. Òtútù àyà tó tẹ̀ lé e ló fa ibà ọjọ́ 26, ibà ló sì fa abẹ́rẹ́ tí mo sọ lókè. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan tó já bọ́ ṣe ń fa òmíràn.

5. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú.

Àwọn tó ń ṣe fisiotẹ́rápì fún Bàbá, ìyẹn nína ara àti kíkọ́ iṣan tó rọ láti ṣiṣẹ́, mọ iṣẹ́ wọn. Ìṣòro wa ni pé ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ ni, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, àti pé gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni iṣẹ́ ń dúró. Nínú ọjọ́ 81, ọjọ́ 29 ni a kò rí ẹnikẹ́ni. Ṣé ọpọlọ náà máa ń gba ìsinmi ni?

Ní 1966, ní Dallas ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún, ọmọ 20 ọdún, tí ara wọn dá ṣáṣá, dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fún 20 ọjọ́. Nígbà tí wọ́n dìde, agbára tí ara wọn fi ń lo afẹ́fẹ́ ti wálẹ̀ púpọ̀. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n tún wá àwọn márààrún rí, wọ́n dán wọn wò. Wọ́n rí i pé 30 ọdún ọjọ́ orí kò tíì gba agbára lára ìkankan nínú wọn tó bí ìdùbúlẹ̀ 20 ọjọ́ yẹn ṣe gbà á. Ọmọ 20 ọdún nìyẹn. Bàbá wa ti lé ní 70.

N kò sọ pé kí ẹ máa lé aláìsàn dìde lọ́jọ́ tó dé. Mo ti ka ti ìwádìí AVERT tó jáde ní 2015, lórí aláìsàn tó lé ní 2,000, tó fi hàn pé bíbẹ̀rẹ̀ sí í gbé aláìsàn rọpárọsẹ̀ dìde láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, kí á sì máa ṣe é léraléra, lè ṣe é ní ibi dípò ire. Mo gbà. Ọjọ́ 81 la wà báyìí.

Ọ̀dọ́ kan nínú àwọn fisiotẹ́rápì kọ́ wa bí a ṣe ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Bàbá, bí a ṣe ń gbé wọn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láìfa èjìká tó ń dùn wọ́n. À ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ní ọjọ́ 58 ni ọ̀gá kan sọ fún wa pé iṣẹ́ òṣìṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe tiwa. A ní ó dáa, ta ni yóò ṣe é ní ọjọ́ Àìkú? Ó ní kí a kọ̀wé. Mo kọ̀wé. Ọ̀kan nínú lẹ́tà méjì tí ẹ kò dáhùn nìyẹn.

6. Awò ojú àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn.

Méjèèjì ló sọnù ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí wọ́n ń gbé Bàbá láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn ní agogo kan òru. Àgbàlagbà tí kò ríran dáadáa, tí kò gbọ́ràn dáadáa, tí wọ́n gbé dé ibi tí kò mọ̀ nínú òkùnkùn: ó ya yín lẹ́nu pé ó ń jà? Wọ́n so ọwọ́ òsì wọn mọ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọ "oníjàgídíjàgan" sí fáìlì. Nígbà tí a ra awò mìíràn, tí ẹ̀gbọ́n mi sì sùn tì wọ́n fún òru mẹ́ta, ìjà parí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú fáìlì, gbogbo dókítà tuntun ló sì ń kà á kó tó kí wọn. Ti pẹnisílíìnì ni wọn kì í rí kà.

7. Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ dá Bàbá sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 63, ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, wọ́n pe Màmá lórí fóònù pé kí wọ́n wá mú Bàbá lọ ní agogo méjì ọ̀sán. Kò sí ẹni tó bi wá bóyá àtẹ̀gùn wà nílé, bóyá bẹ́ẹ̀dì wa ga tàbí ó kúrú, bóyá ẹnì kan mọ bí a ti ń tọ́jú rọ́bà ìtọ̀. Àga oníkẹ̀kẹ́ kò sí. Ìwé oògùn tí wọ́n kọ fún wa ní oògùn mẹ́sàn-án nínú, mo sì rí i pé méjì nínú wọn oògùn kan náà ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní orúkọ rẹ̀ gangan, wọ́n tún kọ ọ́ ní orúkọ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ ọ́. Bí a bá fi òtítọ́ inú fún Bàbá ní gbogbo rẹ̀, ìlọ́po méjì ni à bá máa fún wọn. A kọ̀ láti lọ. Wọ́n ní a ń di bẹ́ẹ̀dì mú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, dókítà mìíràn ní Bàbá kò tilẹ̀ tíì tó lọ. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò sọ ọjọ́ mìíràn fún wa, kò sì sí ẹni tó tíì sọ ohun tó yẹ kí Bàbá lè ṣe kí wọ́n tó lè lọ.

8. Ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn.

Mo mọ̀ pé àwọn ẹbí kan máa ń dí yín lọ́wọ́. Mo ti rí àwọn tó ń pariwo, àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíràn, àwọn tó ń fún aláìsàn ní ohun tí dókítà ní kó má jẹ. Ẹ bá àwọn yẹn wí, n ó tì yín lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òfin tó gbé ẹni tó ń pariwo àti ẹni tó ń yí aláìsàn sínú agbọ̀n kan náà, ọ̀lẹ ló ṣe é. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. A kò lè ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wà yìí, ẹ kò lè ṣe tiwa.

Àwọn mìíràn ti ronú sí ibi tó yàtọ̀. Ní England, láti 2024, àwọn ilé ìwòsàn ti ń lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní Martha's Rule, tí wọ́n fi sọrí ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan tó kú ní 2021. Àwọn òbí rẹ̀ ń sọ pé ara ọmọ ń burú sí i, wọn kò rí ẹni gbọ́. Lábẹ́ ètò yìí, bí ẹbí bá rí i pé ara aláìsàn ń yí padà tí kò sì sí ẹni tó dá wọn lóhùn, wọ́n lè pe àwọn oníṣègùn mìíràn, lọ́sàn-án tàbí lóru, pé kí wọ́n wá tún un wò. Wọ́n gbà pé ojú ẹbí jẹ́ ara ohun èlò ìtọ́jú. Ẹ̀yin ń ti ojú náà síta láti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ rèé. Ẹ ká ìwé náà kúrò lára ilẹ̀kùn. Fún aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀ tàbí tí kò lè yí ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹbí yan ẹnì kan tó lè wà níbẹ̀ nígbàkígbà, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fún un ní káàdì, kí ẹ sì kọ́ ọ ní ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ fún Bàbá wa ní dókítà kan, ẹyọ kan, tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí yóò máa bá wa jókòó ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Ẹ sọ fún wa nínú ìwé ohun tó kù kí Bàbá lè ṣe kí wọ́n tó lè lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tí kò ráyè yí aláìsàn lè kọ "n kò ráyè" sí káàdì láìsí pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin lè rí iye ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ lóṣù kan kí ẹ sì gba òṣìṣẹ́ kún wọn. Ẹ yọ "oníjàgídíjàgan" kúrò nínú fáìlì Bàbá mi.

Ti dókítà ọjọ́ 37, n kò fẹ́ kí ẹ jẹ ẹ́ níyà. Mo fẹ́ kó padà wá sídìí bẹ́ẹ̀dì keje kó sì bá Bàbá sọ̀rọ̀ lójúkojú. Wọ́n á gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá dárí jì í, àtàǹpàkò òsì ni kó máa wò.

Ẹ̀dà ìwé àkọsílẹ̀ wa méjèèjì àti fọ́tò káàdì náà ti wà ní ọ́fíìsì yín láti àárọ̀ yìí, mo sì gba ìbuwọ́lù. Mo ń retí èsì títí di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Bí kò bá dé, lẹ́tà tó kàn yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó fún yín ní ìwé àṣẹ.

Ní báyìí, agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi àti Màmá ló kàn lónìí. A ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, ẹ̀ṣọ́ ní kí a dúró kí agogo pé, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́tàlélógún báyìí tí a kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí Bàbá fi sùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọbìnrin aláìsàn bẹ́ẹ̀dì keje